Bí a ṣe ń dá plọ́ọ̀gì píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mọ̀ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ní ọdún tí mo ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi, mo di iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ ní Ìsánlú, mo sì kọrí sí Kàbà. Mo ti kọjá Mọ̀pà kí ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mísì: bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gun òkè, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ dé ọjà. Mẹkáníìkì kan tí mo bá lẹ́bàá ọ̀nà tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun kékeré tí ń ṣẹ́ná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, ó sọ wọ́n sínú koríko, ó mú mẹ́rin tuntun láti inú àpótí rẹ̀, ó fi wọ́n rọ́pò, ẹ́ńjìnì sì jí. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì ń bá tèmi lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í tètè jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n n kò fura. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ọ̀gá mẹkáníìkì àgbà kan ní Kàbà, tí gbogbo àwa oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tú àwọn plọ́ọ̀gì náà, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó sì mú ojúlówó plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì mi tì í. Ojúlówó fi nǹkan bíi mìlímítà 7 gùn jù ú lọ.

“Àbúrò mi, ṣé o rí i?” ni ó wí. “Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n rán an.”

Nítorí pé plọ́ọ̀gì náà kúrú, iná rẹ̀ ń ṣẹ́ nínú ihò dípò kí ó máa ṣẹ́ láàárín ibi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti pàdé. Èyí tí ó tún burú ni pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìlà yíyí tí plọ́ọ̀gì fi ń wọlé, tí ó kù ní ìsàlẹ̀ ihò wà ní ìhòòhò, èéfín iná sì ti dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀dú, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a fẹ́ fi ojúlówó sí i, agbedeméjì ni ó dúró sí. Ẹ̀gbọ́n ní láti fi gíríìsì kún ojú táàpù, irin tí a fi ń gbẹ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, kí ó máa yí i wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó máa yọ ọ́, kí ó máa nù ún, kí ìdọ̀tí lè lẹ̀ mọ́ gíríìsì dípò kí ó bọ́ sínú sílíńdà. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ plọ́ọ̀gì ọkọ̀ mi, mo sì kọ ohun tí ó tẹ̀lé yìí fún ẹni tí ó ń gbé ẹrù ní ọ̀nà tiwa, tí ó ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, tí kò sì mọ ohun tí ẹni náà fi sínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ́ńjìnì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Plọ́ọ̀gì tí à ń sọ yìí wà fún ẹ́ńjìnì tí ń lo epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní in, nítorí pé ìgbóná afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń mú kí epo rẹ̀ gbiná. Ohun tí ó jọ plọ́ọ̀gì lára rẹ̀, tí ó máa ń pọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọkọ̀ tó jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni ó ń ṣe. Hilux kan lè jẹ́ ti bẹntiróòlù kí èkejì rẹ̀ tí ó jọ ọ́ bí ìbejì sì jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì, nítorí náà kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ wo ẹnu ọ̀nà epo dáadáa.

Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀, orúkọ tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ń rìn láàárín Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì wọn rí, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá lọ sọ fún oníṣòwò pé plọ́ọ̀gì Hilux ni ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ yín kò tíì pé, nítorí pé plọ́ọ̀gì Hilux àtijọ́ tí ń lo ẹ́ńjìnì 22R àti ti Hilux tí ń lo ẹ́ńjìnì 2TR-FE kò jọ ara wọn rárá: sípánà nọ́ḿbà 21 ni ó ń tú ti àkọ́kọ́, nọ́ḿbà 16 ni ó ń tú ti èkejì, gígùn tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn sì yàtọ̀. Ẹ wá nọ́ḿbà ẹ́ńjìnì tí wọ́n gbẹ́ sára irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wà lára pálí irin kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tí ọkọ̀ bá jáde ní ilé iṣẹ́, tí ó ti lọ tipẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye plọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin sábà máa ń ní mẹ́rin, èyí tí ó ní sílíńdà mẹ́fà, irú èyí tí ó wà nínú àwọn Tacoma ńlá, á ní mẹ́fà. Ẹ má ṣe fi èyí ṣe òfin tí kò yí padà, nítorí pé Nissan 720 tí ń lo ẹ́ńjìnì Z24 ní sílíńdà mẹ́rin, plọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì. Mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ mẹ́rin tí ó wà níwájú rẹ̀, tí kò mọ̀ pé mẹ́rin mìíràn fara pamọ́ sí ẹ̀yìn.

Ohun tí nọ́ḿbà ara plọ́ọ̀gì ń sọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára plọ́ọ̀gì ń sọ bí ó ṣe gbòòrò, bí ó ṣe gùn, bí ó ṣe ń gba ooru sára àti bí àlàfo ẹnu rẹ̀, níbi tí iná ti ń ṣẹ́, ṣe tóbi tó. Ẹ jẹ́ kí a mú BPR6ES-11 ti ilé iṣẹ́ NGK. Lẹ́tà B sọ fún wa pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 14, àti pé sípánà nọ́ḿbà 21 ni ó bá orí rẹ̀ mu. P túmọ̀ sí pé imú tánńganran rẹ̀ yọ síta díẹ̀ ju ẹnu irin lọ. R túmọ̀ sí pé wọ́n fi ohun tí ń dín iná kù sí inú rẹ̀, kí iná tí ó ń ṣẹ́ má bàa máa da rédíò àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láàmú. 6 ni ìpele ooru rẹ̀. E ni gígùn tẹ́rẹ́ẹ̀dì, èyí tí í ṣe mìlímítà 19. S sọ pé irú tí ó wọ́pọ̀ ni irin àárín rẹ̀. 11 tí ó gbẹ̀yìn ni àlàfo ẹnu rẹ̀, mìlímítà 1.1. Bí ẹ bá wá rí BKR6E-11, lẹ́tà K yẹn nìkan ti sọ orí plọ́ọ̀gì di ti sípánà nọ́ḿbà 16. Bí H bá wà níbi tí E yẹ kí ó wà, tẹ́rẹ́ẹ̀dì ti kúrú sí mìlímítà 12.7. Àwọn tí nọ́ḿbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LFR ni wọ́n gùn tó mìlímítà 26.5, irú wọn sì ni ọkọ̀ tèmi ń béèrè ní ọjọ́ tí wọ́n fi kúkúrú sí i. Gbogbo wọn ló fẹ̀ ní mìlímítà 14, gbogbo wọn ló sì lè wọ ihò kan náà, ìdí sì nìyí tí ọwọ́ fi máa ń tan ojú jẹ.

Ọ̀nà tiwọn ni ilé iṣẹ́ Denso fi ń kọ tiwọn. Nínú K20R-U11, K ni ó dúró fún tẹ́rẹ́ẹ̀dì mìlímítà 14 àti orí tí ó gba sípánà nọ́ḿbà 16, bí ó bá sì jẹ́ W ni, nọ́ḿbà 21 ni yóò gbà. 20 ni ìpele ooru, R sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí ó ń ṣe lára NGK. U ń sọ nípa ojú irin òkè tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí, 11 sì ni àlàfo. Ìpele 6 lọ́dọ̀ NGK súnmọ́ 20 lọ́dọ̀ Denso, 5 súnmọ́ 16, 7 sì súnmọ́ 22.

Ìpele ooru yìí máa ń da àwọn ènìyàn rú, nítorí pé wọ́n rò pé iná plọ́ọ̀gì kan gbóná ju ti èkejì lọ. Iná kọ́ ni à ń wí. Plọ́ọ̀gì tí a ń pè ní gbígbóná ni èyí tí imú tánńganran rẹ̀ gùn, tí ooru fi ń pẹ́ kí ó tó gba ara rẹ̀ kọjá sí tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin orí ẹ́ńjìnì tí ihò plọ́ọ̀gì wà. Plọ́ọ̀gì tútù ni èyí tí imú rẹ̀ kúrú, tí ó ń tètè lé ooru jáde. Imú plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó lè jó èéfín dúdú kúrò lára ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná kọjá 850 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná kí plọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ná, ẹ́ńjìnì yóò sì máa lu ara rẹ̀ títí tí orí písítìnì yóò fi lu. Lọ́dọ̀ NGK àti Denso, bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga sí i ni plọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Lọ́dọ̀ Bosch àti Champion, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí ó bá fi nọ́ḿbà ilé iṣẹ́ kan wá ti ilé iṣẹ́ mìíràn láìmọ èyí lè ra ohun tí yóò jó ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ìpele tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ yàn ni kí ẹ mú, ì báà jẹ́ pé iṣu ni ẹ ń kó gun òkè lójoojúmọ́ tàbí pé oko dé ilé nìkan ni ọkọ̀ yín ń rìn.

Ẹ̀kọ́ tí ó jáde nínú gbogbo èyí ni pé kí ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ plọ́ọ̀gì àtijọ́ nù kí ẹ tó kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba nọ́ḿbà àtijọ́ gbọ́ láìwádìí, nítorí pé ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún yín lè ti fi èyí tí kò yẹ sí i. Ẹ fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi nọ́ḿbà ẹ́ńjìnì wá a nínú àkójọ tí ilé iṣẹ́ plọ́ọ̀gì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, ti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Rírà á lọ́jà

Plọ́ọ̀gì tí ó wọ́pọ̀, tí irin nickel wà lẹ́nu rẹ̀, sábà máa ń lo nǹkan bíi kìlómítà 20,000 sí 30,000. Iridium lè lo tó 100,000, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Bí ilé iṣẹ́ bá ti fi nickel sínú ẹ́ńjìnì yín, kò sí ìdí tí ó fi pọn dandan kí ẹ ra iridium, mo sì ń sọ èyí nítorí pé ayédèrú iridium pọ̀ lọ́jà. Owó tí ẹ ó fi ra ayédèrú iridium kan lè ra ojúlówó nickel mẹ́rin.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò nínú páálí rẹ̀, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Lára ojúlówó, irin àárín dúró ní àárín gangan, irin òkè sì tẹ̀ bo orí rẹ̀ láìyẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára tánńganran hàn kedere, ìka kò sì lè nù ún kúrò. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń dán, kò ní ẹnu mímú tí ó lè ya ọwọ́. Òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà nídìí tẹ́rẹ́ẹ̀dì máa ń yí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bọ́ kúrò bí ẹ bá mì í. Nọ́ḿbà ara páálí àti ti ara plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n fi yanrìn fọ̀, tí wọ́n sì kó sínú páálí tuntun: etí irin àárín wọn ti yí bí ọṣẹ tí a ti ń lò, nígbà tí ti tuntun mú ní etí bí orí ìṣó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Bí a ṣe ń tú u

Ẹ kó àwọn irinṣẹ́ yìí jọ: sípánà plọ́ọ̀gì tí ó bá orí mu, tí ó sì ní rọ́bà nínú tí yóò di plọ́ọ̀gì mú, ọ̀pá àfikún rẹ̀, sípánà nọ́ḿbà 10 bí ọkọ̀ yín bá ní kọ́ìlì (ẹ̀rọ tí ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, fílà géèjì fún àlàfo, rọ́bà epo kékeré tí ó gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, àkísà mímọ́, àti ìdajì páálí ẹyin. Páálí ẹyin yìí kì í ṣe eré. Ẹ kọ 1 sí 4 sí ojú ihò rẹ̀, kí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tú lè jókòó sí ipò sílíńdà tí ó ti jáde.

Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, kì í ṣe pé kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aluminiọ́mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ó bá sì gbóná, tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ lè bá plọ́ọ̀gì jáde. Mo máa ń fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ láti alẹ́, kí n tó fọwọ́ kàn án ní òwúrọ̀. Ẹ yọ orí bátìrì tí ó jẹ́ ti òdì.

Bí ó bá jẹ́ wáyà ni ó lọ sí plọ́ọ̀gì, ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú ọ̀kan, ẹ parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, nítorí pé bí wáyà bá ṣi ipò, ẹ́ńjìnì yóò máa yìnbọn láti sàlẹ́ńsà tàbí kí ó kọ̀ láti jí. Orí rọ́bà ni kí ẹ di mú, kí ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tó fà á. Ẹni tí ó bá fa wáyà fúnra rẹ̀ yóò já a nínú láìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ́ìlì ni, ẹ tẹ ìdè orí wáyà rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tú bóòtù nọ́ḿbà 10, kí ẹ sì gbé kọ́ìlì sókè tààrà. Ike ìdè náà ti gbó lára ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìka ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi sikirudíráfà jẹ ẹ́.

Ní báyìí, kí ẹ tó fi sípánà kan plọ́ọ̀gì, ẹ fẹ́ eruku kúrò ní ihò rẹ̀. Eruku pupa ojú ọ̀nà oko wa àti eruku ọ̀nà Ọ̀bájànà máa ń kó jọ sínú ihò yìí, ní àkókò ọyẹ́ pàápàá, bí plọ́ọ̀gì bá sì jáde nígbà tí eruku ṣì wà lókè, inú sílíńdà ni yóò dà sí, yóò sì máa họ ara sílíńdà bí iyanrìn. Ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà ni ó dára jù fún un. Níbi tí kò bá sí, ẹ lo pọ́ǹpù ọwọ́ tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ẹ sì bo ojú yín.

Ẹ wá fi sípánà sí i kí ó dúró ṣánṣán, kí ó má ṣe tẹ̀, nítorí pé títẹ̀ ni ó ń fọ́ tánńganran. Ẹ yí i sí apá òsì. Bí ó bá dún “kẹ́ẹ̀” lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tú, kò sí wàhálà. Bí ó bá le, tí ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí ó ti dípẹtà, ẹ dúró. Ẹ yí i padà wọlé díẹ̀, ẹ kán òróró tí ń jẹ ìpẹtà sí ìdí rẹ̀, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá máa yí i síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Plọ́ọ̀gì tí ó bá ṣẹ́ sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà lè mú kí a ní láti sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀, owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kíka ojú plọ́ọ̀gì àtijọ́

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jókòó sínú páálí ẹyin, ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì tuntun kí ó tó sọ ohun tí ó rí lójú àwọn àtijọ́, mo sì ti rí i pé ó tọ̀nà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń sọ tinú rẹ̀.

Bí imú tánńganran bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tàbí eérú tí kò dúdú, ẹ́ńjìnì ń jó epo bí ó ti yẹ. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí ẹ̀dú ìdí ìkòkò, epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́, tí eruku ti lè dí, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kàbúrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ń fún epo. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, tí ó ń dán, tí ìka ń yọ̀ lórí rẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni ó ń bọ́ sí inú sílíńdà, láti ara fáfù síìlì tàbí ríìngì, plọ́ọ̀gì tuntun kò sì ní wo àrùn náà sàn. Yóò kàn gba oṣù díẹ̀ sí i ni. Bí ó bá tutù, tí ó sì ń rùn bẹntiróòlù, iná kò ṣẹ́ níbẹ̀ rárá, wáyà tàbí kọ́ìlì sílíńdà náà ni kí ẹ lépa. Bí imú bá funfun bí ẹfun, tí ó ní àwọn kókó kéékèèké tí ó dán bí díńgí, ooru ti pọ̀ jù: bóyá omi rédíétọ̀ kò tó, bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ, tàbí kí ìpele ooru plọ́ọ̀gì náà má bá ẹ́ńjìnì mu. Bí irin bá ti yọ́, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà rin ìrìn-àjò kankan kí mẹkáníìkì tó wò ó.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ara wọn, ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnì kan gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, sílíńdà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí, ẹ̀kẹta ni ó yàtọ̀: mẹ́ta ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀kẹta dúdú, ọ́ìlì sì ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí páálí. Bí kì í bá ṣe páálí ẹyin náà ni, n kì bá tí mọ sílíńdà tí ó ti wá.

Àlàfo ẹnu

Àlàfo plọ́ọ̀gì tuntun lè ti yí padà bí páálí bá ti ṣubú lójú ọ̀nà. Ẹ ki ewé fílà géèjì tí ó bá ìwọ̀n mu sí àárín irin méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ kọjá pẹ̀lú ìfọwọ́kàn díẹ̀, kí ó má há, kí ó má sì ṣe fò kọjá láìkan nǹkan kan. Mìlímítà 0.6 sí 0.8 ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo kọ́ńtáàtì máa ń fẹ́, 0.8 sí 1.1 ni ọ̀pọ̀ èyí tí ó tẹ̀lé wọn. Bí ó bá fẹ̀ jù, ẹ fi irin òkè lu pákó jẹ́jẹ́. Bí ó bá há jù, ẹ fi ohun èlò géèjì gbé irin òkè náà sókè. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun ti irin àárín tàbí tánńganran. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi abẹ ayùn irin wọn àlàfo, ó sì máa ń bọ́ sí i nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n géèjì kò wọ́n. Ti iridium àti platinum, ẹ wò ó lásán. Ẹnu wọn tín-ín-rín, ó sì tètè ń ṣẹ́, bí àlàfo wọn kò bá tọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Fífi tuntun sí i

Ẹ ti ìdí plọ́ọ̀gì, ní apá ibi tí wáyà ń wọ̀, bọ inú rọ́bà epo. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbá nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí apá òsì, jẹ́jẹ́, títí tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó jìn sísàlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti rí ara wọn. Ẹ wá yí i sí apá ọ̀tún. Iṣẹ́ rọ́bà yìí ni pé bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì bá ṣi ẹnu, rọ́bà yóò yọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì ní lágbára láti ba irin jẹ́, nígbà tí sípánà yóò fi tipátipá gbẹ́ ọ̀nà tuntun láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí plọ́ọ̀gì bá yí wọlé ní ìyípo mélòó kan tí ó sì dúró lójijì kí òrùka rẹ̀ tó kan ìdí, ẹ tú u, ẹ má fi agbára sí i: bóyá ó ṣi ẹnu, bóyá ẹ̀dú ti dì sínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì bí ó ti ṣe tèmi.

Nígbà tí òrùka bá ti jókòó tí ọwọ́ kò sì lè yí i mọ́, ẹ wá mú sípánà. Fún plọ́ọ̀gì tuntun tí ó ní òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì, ìdajì ìyípo sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyípo tó. Èyí tí ẹ ti lò rí, òrùka rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, ìdá kan nínú méjìlá ìyípo ni ó ń fẹ́. Èyí tí kò ní òrùka, tí ìdí rẹ̀ dà bí ẹnu àrọ, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ìyípo péré ni ó ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ní sípánà tí ń wọn agbára lè fi sí 25 sí 30 Nm fún tẹ́rẹ́ẹ̀dì mìlímítà 14 nínú tọ́ọ̀pù aluminiọ́mù. Ẹ má ṣe fi gíríìsì pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì, nítorí pé wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà bò ó, gíríìsì yóò sì mú kí ẹ fún un jù láìmọ̀. Fífún jù ń fa plọ́ọ̀gì gùn, ó sì ń fọ́ ọ nínú. Dídẹ̀ jù pẹ̀lú kò dára, nítorí pé ooru kò ní rí ọ̀nà gbà jáde, plọ́ọ̀gì tí ìpele rẹ̀ tọ̀nà yóò sì máa gbóná bí èyí tí kò tọ̀nà.

Ẹ dá wáyà tàbí kọ́ìlì padà, kí ẹ gbọ́ “tá” kékeré tí ń sọ pé ó ti mú orí plọ́ọ̀gì. Bí wáyà bá ti dàrú, 1-3-4-2 ni ètò ìṣẹ́ná Hilux 22R, 2TR-FE àti Peugeot 504 tí ń lo bẹntiróòlù, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti sílíńdà tí ìwé ọkọ̀ pè ní àkọ́kọ́. Ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ jí ẹ́ńjìnì, ẹ sì dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó gbóná, kí ẹ máa fetí sí i. Bí ó bá ṣì ń mísì, ẹ má ṣe fa wáyà kúrò lórí plọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe. Iná tí ó wà níbẹ̀ ju fólítì 20,000 lọ, ó lè ta yín lulẹ̀, ó sì lè ba kọ́ìlì jẹ́. Ẹ pa á, ẹ pààrọ̀ ipò kọ́ìlì sílíńdà tí ẹ fura sí pẹ̀lú ti èkejì rẹ̀, kí ẹ tún jí i. Bí àrùn náà bá bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ni ó ń ṣe é. Bí ó bá dúró sójú kan, ẹ padà sí ohun tí ojú plọ́ọ̀gì àtijọ́ sílíńdà náà ti sọ.

Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ḿbà plọ́ọ̀gì náà, àlàfo rẹ̀, ọjọ́ àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi kò ti lè fọ̀ ọ́. Mo fi bébà wé mẹ́rin àtijọ́ tèmi, mo sì fi wọ́n sí inú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí mẹkáníìkì ọmọ kékeré kan sì tẹ́ plọ́ọ̀gì oríṣiríṣi síwájú mi, mo tú bébà náà, mo mú ọ̀kan jáde, mo ní kí ó fi gígùn wọn wé ara wọn. Ó wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, tèmi kúrú,” ó sì rán ọmọ sí Kàbà láti lọ ra èyí tí ó bá a mu.